Elétí Há Sẹ́yìn Mọ́tò

Inú ń bí mi o, mi ò ní purọ́. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Èyí àgbà ti ń lọ sílé ìwé, èyí àárín kì í jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ ọwọ́ ṣì ń mu ọmú. Alùpùpù ọkọ mi la fi ń kó gbogbo wọn. Láìpẹ́ yìí, èyí àárín sùn lọ lórí ìrìn, ọwọ́ rẹ̀ já kúrò lára bàbá rẹ̀. Orí ló yọ ọ́, mo rí ọrùn aṣọ rẹ̀ gbá mú. Nígbà tá a délé, mo ní, "Bàbá wọn, mọ́tò! Kó tiẹ̀ jẹ́ àlòkù, ṣùgbọ́n kó nílẹ̀kùn mẹ́rin, kí bẹ́líìtì mẹ́ta wà lẹ́yìn." Ó ní òun ti gbọ́.

Ló bá gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nínú ẹbí wọn, ẹnì kan kì í ra mọ́tò kí Ẹ̀gbọ́n má fetí sí i. Elétí làwa ìyàwó ilé ń pè é lẹ́yìn, torí á na etí sí ẹ́ńjìnnì, á dijú, gbogbo èèyàn á sì dákẹ́. Tó bá ti ní, "Ó dáa," ó parí nìyẹn. Àwọn ọmọ tiẹ̀ ti dàgbà, kò sì gbé ọ̀kan nínú wọn sínú mọ́tò rí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ lọ rà á, mo kó àwọn ọmọ dání lọ sọ́gbà oníṣòwò mọ́tò. Elétí ní kí ni mo kó wọn wá ṣe, ṣé wọ́n fẹ́ wà á ni? Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìyẹn mì.

Mo rí tèmi kíá: mọ́tò gbọọrọ kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ilẹ̀kùn mẹ́rin. Mo fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn wò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé dè. Ṣùgbọ́n Elétí ti dúró ti pupa kan tó rẹlẹ̀, onílẹ̀kùn méjì, ó ti na etí.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kọrin!"

"Ẹ̀gbọ́n, ibo làwọn ọmọ máa gbà wọ ẹ̀yìn?"

"Ìyàwó wa, ẹ́ńjìnnì ni mọ́tò. Ilẹ̀kùn kì í gbéni délé."

Oníṣòwò pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi ti nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà yẹn o!

Ara mi gbóná. Mo ní, "Kò burú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó sẹ́yìn ẹ̀ wò." Ó rò pé mo ti gbà. Ó ká ara rẹ̀ kò, ó rápálá wọlé, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Mo dá àga iwájú padà, mo ti ilẹ̀kùn gbà-à.

"Ẹ jáde, sà."

Ó ti àga, kò lọ. Ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, kò rí i. Gíláàsì ẹ̀yìn kò ṣeé ṣí, oòrùn sì wà lórí òrùlé. Òógùn bò ó.

"Ìyàwó, ṣílẹ̀kùn!"

"Ẹ jáde, sà! Tí mọ́tò bá ń jó, ṣé ọmọ ọwọ́ ló máa mọ̀ ọ́n ṣí?"

Èyí àárín ń lu gíláàsì. "Dádì Àgbà, ẹ jáde o!"

Ọkọ mi ló sáré wá ṣí i. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó bọ́ fìlà, ó ń fi fẹ́ ẹ. Ló bá kọjú sí mi.

"Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ló há síbẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ o! Kí ni mo ti ń sọ látọjọ́ yìí?

A ra èyí tó ṣá. Elétí ò fetí sí i, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ dòní. Nígbà tá à ń lọ sílé, èyí àárín sùn lọ, orí rẹ̀ tẹ̀ sórí bẹ́líìtì, kò ṣubú. Ọkọ mi wò mí nínú díńgí.

"Ṣé inú ẹ ti wá dùn báyìí?"

Mo fọwọ́ gbé orí ọmọ náà ró. Ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sójú títì, ó ní òun ti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ làágùn díẹ̀, òun náà ló sáré ṣílẹ̀kùn, ló bọ́ fìlà fẹ́ ẹ.