Ọmọ Ìjàpá Tí Ọjọ́ Wọn Kò Tíì Pé

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ohun rere ṣe ń kẹ̀, kí ó wá wo báàfù ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan létíkun. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ ìjàpá òkun sí bí wọ́n bá ti jáde nínú ẹyin láàárọ̀, tí wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ lójú kan títí di ìrọ̀lẹ́, kí àwọn àlejò lè fi ọwọ́ ara wọn tú wọn sílẹ̀. Agbára tí Ọlọ́run fún ọmọ náà láti fi la ìgbì kọjá, inú báàfù ló ń ná an tán. Bó bá fi máa kan omi gidi, oúnjẹ ẹja ló kù tó jẹ́.

Obìnrin tó ń ṣọ́ etíkun náà, tí àwọn alásè ń fi yẹ̀yẹ́ pè ní Ìyá Ìjàpá, kò lè wo báàfù yẹn láìtutọ́ sílẹ̀. Èyí tó tún kó o nírìíra jù ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni máníjà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọgbà yí ìtẹ́ ẹyin ká, àti bí wọ́n ṣe ń pa iná tó kọjú sókun kí ọmọ má baà ṣìnà. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Àmọ́ láti ìgbà tó ti bọ́ sínú bàtà dídán, ẹ̀rín nìkan ló mọ̀ ọ́n rín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹyin inú ìtẹ́ kan pa. Obìnrin náà kò pe ẹni tó ń gbé báàfù. Ó ṣí ọgbà, ó dúró ti àwọn ọmọ náà títí èyí tó kẹ́yìn fi wọ òkun, ó sì ń kọrin bọ̀ wá sílé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró dè é. "Báàfù ṣófo."

"Wọ́n ti lọ sílé wọn, brọ̀dá mi."

"Kí ni kí n wá fi han àwọn àlejò nírọ̀lẹ́? Ojú mi?"

"Ẹ fi òkun hàn wọ́n. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Má dààmú. Màá wá nǹkan ṣe sí i."

Nǹkan tó ṣe rèé. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ padà dé etíkun nírọ̀lẹ́, ọgbà ìtẹ́ kejì ti wó, ṣọ́bìrì sì dúró nínú ihò. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi mú èyí. Wọ́n ti fọ́ àwọn ẹyin tí kò tíì tó àsìkò, wọ́n ti fa àwọn ọmọ inú wọn jáde. Ara wọn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, pupa ẹyin ṣì so mọ́ wọn níkùn, ó ń kán, ó ń rùn. Àwọn àlejò gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Obìnrin kan láàárín wọn béèrè ohun tó so mọ́ tirẹ̀ níkùn.

"Oúnjẹ ìrìn-àjò wọn ni," máníjà dáhùn. "Ọlọ́run ló dì í fún wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Àbúrò mi tó ń ṣọ́ wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún sọ, ó tẹjú mọ́ ọn. "Àbí irọ́ ni mo pa?"

Bó bá ní irọ́ ni, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Irọ́ ni," ó ní. "Wọ́n gbẹ́ wọn jáde kí ọjọ́ wọn tó pé. Kò sí èyí tó máa yè nínú wọn, brọ̀dá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Obìnrin àlejò yẹn wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ bóyá fọ́tò náà jáde dáadáa.