Ìwé Kìíní Bọ̀dá Dàpọ̀

Láti òwúrọ̀ Sátidé yẹn ni ara Ìbídàpọ̀ kò ti balẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó dìde, ó tún jókòó, bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ìwé márùn-ún ló gbé lé itan. Méjì tó kù wà nísàlẹ̀ báàgì rẹ̀, ó fi táwẹ̀lì wé wọn, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ báàgì náà mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ kíka ẹrù ni Ìbídàpọ̀ ń ṣe nínú ọgbà ẹrù kan ní Liverpool Road, l'Ápápá. Bí wọ́n ti ń sọ àpò kalẹ̀ láti orí tírélà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa igi sínú ìwé: mẹ́rin lóòró, ọ̀kan níbùú, ó di márùn-ún. Iṣẹ́ yìí náà ló ń gbé lọ sí ìsinmi. Níbi tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ ti ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, béèsìbọ́ọ̀lù ni tirẹ̀. Ọdún mẹ́wàá rèé, kò sí bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n jù lórí pápá yìí tí kò fa igi fún. Èyí tó wọlé, èyí tó ṣìnà, èyí tí onígi, ẹni tó di igi mú láti fi gbá a, gbá, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé méje tó kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ní ká ní bọ́ọ̀lù lòun ni, òun ì bá ti rí ìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé náà rí.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màdáàmù Uzoamaka, tó ń yan àwọn ọ̀dọ́ fún ẹ̀kọ́ béèsìbọ́ọ̀lù oṣù mẹ́fà lókè òkun, pe kóòṣì tó ń kọ́ wọn lórí pápá yìí pé òun ń bọ̀ wá mú ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹni náà kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó gbé ìwé rẹ̀ wá. Inú Ìbídàpọ̀ dùn débi pé ó ra ọ̀rá tuntun láti fi wé wọn. Ibi tó ti ń wé ìwé kìíní ló ti ṣí i, ló bá rí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn: "Àlíù, ọmọ ọdún méjìlá. Ọjọ́ àkọ́kọ́." Ayọ̀ rẹ̀ bá pòórá.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn kò lè jẹ́ mẹ́tàdínlógún lónìí, àfi bí kàlẹ́ńdà bá ń rìn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mẹ́tàdínlógún ni kóòṣì kọ sínú fọ́ọ̀mù Àlíù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àlíù alára wá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bọ̀dá Dàpọ̀, abeg, ẹ má gbé ìwé kìíní àti ìkejì lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń ru àpò ní Ìjọra. Ẹ wo apá yìí, kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì pẹ́."

Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìbídàpọ̀ ló kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù lé Àlíù lọ́wọ́. Ó ní òun ti gbọ́.

Ní Sátidé náà, Àlíù ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń lé olè. Onígi méje ló padà sẹ́yìn tí igi wọn kò bá nǹkan kan ju atẹ́gùn lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ephraim bọ́ síta, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tínínrín bí ìgbálẹ̀. Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ a máa wá tààrà, tó bá ku díẹ̀ kó dé, á yà bàrá. Ṣùgbọ́n òmíràn ń yà jù. Bí mẹ́rin bá ṣìnà, onígi á rìn lọ́fẹ̀ẹ́ dé béèsì àkọ́kọ́, ibùdó kìíní tó yẹ kó sá dé, Ephraim sì jẹ́ kí mẹ́ta rìn. Ìbídàpọ̀ fa gbogbo igi náà.

Nígbà tí wọ́n parí, Màdáàmù Uzoamaka jókòó tì í, ó ṣí àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ìwé kìíní àti ìkejì ńkọ́?"

"Omi òjò wọlé, mà. Ó bà wọ́n jẹ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó fi ìka tọ́ka sí ojú ewé kan nínú ìwé kẹta. "Ẹ wo Àlíù ní 2021. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà yẹn, àbí? Kò sí onígi kankan tó rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ephraim, nígbà tóun náà wà ní méjìlá, mẹ́sàn-án ló rìn! Ìwé yín ti bá mi yan èèyàn."

Ephraim tó ń tú okùn bàtà rẹ̀ nítòsí gbọ́. Kò bínú. Ó kàn rẹ́rìn-ín ìtìjú.

"Òótọ́ ni, mà. Mo burú gan-an nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìbídàpọ̀ lára. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Àlíù ní 2021, kì í ṣe méjìlá. Kò ṣi àpò kan kà rí lẹ́nu iṣẹ́. Igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà ló wá ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ yìí, ọmọ náà sì gbà á gbọ́. Ó wo òdìkejì pápá, Àlíù dúró, ó ń wo báàgì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Ìbídàpọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Omi kankan ò wọlé, mà," ló wí. Ó tú táwẹ̀lì, ó sì gbé ìwé kìíní fún un.

Màdáàmù kà á, ó tún un kà.

"Mọ́kànlá ló rìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ Àlíù lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ló wí pẹ̀lẹ́. "Ọmọ ọdún méjìlá." Ó mú bírò, ó kọ orúkọ Ephraim.

Nígbà tí Ìbídàpọ̀ fi máa gbójú sókè, Àlíù ti lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìbídàpọ̀ rò pé kò ní wá. Ó wá. Kò kí i, ó kàn wá dúró níwájú bẹ́ǹṣì.

"Bọ̀dá, ẹ má kọ mí sínú ìwé yín mọ́."

Ìbídàpọ̀ pa ìwé keje dé, ó ti bírò bọ àpò. Àlíù lọ sí àárín pápá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù. Onígi kìíní padà, èkejì padà, ẹ̀kẹta padà. Ìka Ìbídàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì dì í mú. Títí wọ́n fi parí, kò sí onígi kan ṣoṣo tó dé béèsì àkọ́kọ́, yálà ní gbígbá ni o, yálà ní ọ̀fẹ́. Láti ọdún mẹ́wàá tó ti ń jókòó síbẹ̀, Ìbídàpọ̀ kò rí irú rẹ̀ rí, kò sì sí nínú ìwé kankan.