Okùn Pupa Inú Ilé Màmá Leah

Inú máa ń tètè bí mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo gbìyànjú. Aago mọ́kànlá ti kọjá ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Aago méjìlá ọ̀sán ni yunifásítì máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa, Ànúolúwa ọmọ ìyá onílé mi kò sì tíì forúkọ sílẹ̀. Tó bá fi kọjá aago méjìlá, ọdún kan gbáko ti ṣòfò nìyẹn. Ó ti fi fóònù ẹ̀ gbìyànjú títí, ìkànnì wọn kò ṣí. Ó sá wá bá mi, la bá rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà mi ti lọ.

Màmá Leah, ìyá ẹ̀ tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú sùtánà funfun, wọ́n ń lé Sátánì jáde nínú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, Línọ́ọ̀sì ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe Windows tí gbogbo ayé ń lò, Sátánì ò mọ̀ ọ́n lò. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Mo ṣí ojú dúdú tá a ti ń tẹ àṣẹ. Mo fi píńgì, àṣẹ tá a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ ń dáhùn, kí kọ̀ǹpútà náà fúnra ẹ̀, ó dáhùn. Mo kí ráútà tó ń fún wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò fọhùn. Mo tẹ "ip link", ó sì kọ NO-CARRIER síwájú mi. Rùfáì ọlọ́kadà tó wá gba fọ́tò ẹ̀ ní káríà òun wà níta tá a bá nílò ẹ̀. Mo lé e jáde.

Wáyà ni kọ̀ǹpútà ń sọ, pé kò gbé nǹkan kan wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo bá okùn tẹlifóònù àtijọ́ kan níbẹ̀, funfun báláú. Pupa lèmi fi síbẹ̀. Mo bèèrè ta ló pààrọ̀ ẹ̀. Àdúrà dá.

"Hasanat, ọmọ mi, èmi ni," Màmá Leah dá mi lóhùn. " Pupa kì í wọ ilé wa. Mo pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tí mo wá gbálẹ̀ láàárọ̀, mo rò pé funfun náà á ṣiṣẹ́."

Mo mọ̀ pé ìjọ aláṣọ funfun wọn kì í wọ aṣọ pupa. Wáyà mi ṣe wá di aṣọ? Orí mi gbóná, àmọ́ omi ti lé sójú Ànú, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Wọ́n sáré mú okùn pupa náà wá látẹ̀yìnkùlé, nínú ọ̀rá. Bí wọ́n ṣe fà á tu, eyín tó ń há a mọ́ kọ̀ǹpútà ti kán. Mo ki ẹnu ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dé, ṣùgbọ́n téèyàn ò bá dì í mú, á yọ. Ànú ń kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù, èmi ń tọ́ ọ sọ́nà. Màmá Leah kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di okùn pupa mú, wọ́n sì dijú.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, Ànú ní, "Màámi, orúkọ mi ti wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀."

Wọn ò mira. "Ó dìgbà tí mo bá fojú ara mi rí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀," wọ́n ní. Wọn ò sì lajú.