Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Wa ní Keteren Gwari

Ọdún kejì tí Minna di olú ìlú ìpínlẹ̀ ni olè wọ ilé mi. Ọ̀sán gangan ni. Mo wà ní ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n gbà, wọn ò já nǹkan kan.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ọlọ́dẹ tirẹ̀, àwa Yorùbá lọ bá Mai Unguwa, olórí àdúgbò wa. A ní ẹni tó gbọ́ èdè wa la fẹ́. Èmi ni wọ́n tì síwájú pé kí n sọ ọ́, torí èmi lolè jà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi Hausa dá mi lóhùn pé, "To, Mama Roseline, ọmọ yín náà ni ẹ máa gbà."

Ó fún wa ní Yínúsà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Inú wa dùn.

Láàárọ̀ Sátidé, Mai Unguwa àti Yínúsà ń wo ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan, kí ọlọ́dẹ lè mọ ibi tí olè lè gbà. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Yínúsà ò wọ ilé mi rí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi yẹn ti wọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ gbé e lápá òsì kó tó fà á. Roseline ọmọ mi gan-an ṣì máa ń gbàgbé. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Yínúsà. Kí n tó lanu, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀, ó gbé e, ó fà á. Kò tiẹ̀ wolẹ̀.

Mo dúró. Mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó yíjú sí mi. Ó rí i pé mo rí i.

"Ilẹ̀kùn yìí ò dáa o, Mama," ó ní. "Màá máa bá yín ṣọ́ ọ."

Mai Unguwa ní, "Ṣé ẹ lọ́rọ̀ sọ? Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, Yínúsà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Òun ló máa wá sọ fún mi."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ó mọ ilẹ̀kùn ṣí? Ṣebí èmi náà ni mo ní ọmọ wa la fẹ́. Roseline ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìn mi. Yínúsà ń wò ó.

"Babu," mo ní. "Kò sí nǹkan kan."

Wọ́n kọjá sílé Ràhímátù, aládùúgbò mi. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo wọ́ àpótí aṣọ mi, mo fi ti ilẹ̀kùn náà.

"Mama," Roseline ní, "ṣebí a ti ní ọlọ́dẹ?"

"A ní," mo ní. "Bá mi gbé àpótí kejì."