Ọwọ́ Ìyá Alálàáfíà

Ní gbogbo ìlú Manila, kò sí ìjọ tí wọ́n ti ń jà tó ìjọ Ìyá Alálàáfíà ní Sampalok. Ẹni tó sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè ohun tó mu kó tó lanu. Inú ilé ẹṣin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sú àwọn awakẹ̀kẹ́ ẹṣin àdúgbò láti máa rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Roke, níbi tí wọ́n ti máa ń lé wọn sí ìjókòó ẹ̀yìn nítorí òórùn ara wọn. Ilé ẹṣin náà wà ní Òkè, ní apá kan odò kékeré tó la àdúgbò já; Ìsàlẹ̀ ni apá kejì. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò sí tùràrí tó lè borí ìtọ̀ ẹṣin. Àwọn ará Òkè fèsì pé ilé ẹran ni wọ́n bí Jésù sí, ṣé àwọn ará Ìsàlẹ̀ ga ju Jésù lọ ni? Wọ́n jà lórí ibi tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì máa kọjú sí. Wọ́n jà lórí ìjókòó iwájú. Wọ́n jà lórí agogo tí wọn ò tíì ní. Ní àjọ̀dún èṣí, nígbà tí wọ́n gbé ère Ìyá Wa yí àdúgbò po, àbẹ́là tí wọ́n fi ń gbàdúrà náà ni wọ́n fi na ara wọn, títí irùngbọ̀n olórí akọrin fi gbiná.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Ó ránṣẹ́ sí Fadá Anakleto, àlùfáà wọn, pé Mọnsínyọ̀ kan, àlùfáà àgbà, ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ wo àjọ̀dún tọdún yìí. Bí ère bá jáde lódindi, tó sì wọlé láìsí ìjà, ìjọ á dá dúró, á ní àlùfáà tirẹ̀ títí ayé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ẹṣin, kí oníkálukú padà sí San Roke, kó lọ jókòó sẹ́yìn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Sepa, nítorí òun ló ń wọṣọ fún Ìyá Wa, ipò tí ìyàwó gómìnà pàápàá ò lè tọrọ gbà. Abẹ́ aṣọ sílíkì tí gbogbo ayé ń kúnlẹ̀ fún yẹn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn pọ̀ bí àgò adìyẹ. Orí àti ọwọ́ méjèèjì nìkan ni eyín erin, tí wọ́n ń fi èèkàn há mọ́ àgò náà. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin kankan kì í fi í wọ yàrá tí wọ́n bá ti ń múra fún un. Fadá pàápàá, ẹnu ọ̀nà ló ń mọ. Opó ni Sepa, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó sì máa ń nà ró gbagidi bí ẹni tó gbé odó mì.

Ìyá tó bí Sepa ló dá gbogbo ọ̀ràn yìí sílẹ̀, kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi. Òun ló ni ère náà. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí orí ère jẹ́ ti Sepa tó jẹ́ àgbà, kí ọwọ́ méjèèjì jẹ́ ti Tinay àbúrò rẹ̀. Ó ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bó ti wù kó rí, lọ́dọọdún, wọn á máa fojú kan ara wọn. Ọlọ́gbọ́n obìnrin! Kò mọ irú ọmọ tóun bí. Tinay ti fẹ́ ọkùnrin kan lára àwọn tó ya kúrò lábẹ́ Póòpù, ó ń gbé ní Ìsàlẹ̀. Sepa kó ọwọ́ eyín erin náà sínú agolo bisikíìtì, ó fi rán aládùúgbò sí i. Láti ìgbà náà, agolo yẹn ló ń ré afárá kọjá lọ́dọọdún, tó sì ń padà. Àwọn tó ni ín ò kí ara wọn.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn ìjà àbẹ́là, Tinay ní ó tó gẹ́ẹ́. Agolo ò níí kọjá mọ́, àfi tí ẹ̀gbọ́n òun bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbà á.

Fadá Anakleto sáré tọ Sepa lọ. "Màmá Sepa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ lọ bá àbúrò yín."

"Kí n lọ bá ta ni? Fadá, ṣé ara yín yá?"

"Afárá lásán ló wà láàárín yín, Màmá."

"Kí òun náà gun afárá yẹn wá. Àbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ni? Ṣé èmi ni àgbà, àbí òun?"

"Ẹ̀yin ni àgbà. Àgbà náà ló ń gba ìyà jẹ."

"Ẹni tó bá fẹ́ jẹ̀yà ni. Ẹ lọ jẹun yín, Fadá. Ìyá Wa á ní ọwọ́."

Fadá bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Sepa gba ọ̀dọ̀ Bestre agbẹ́gilére lọ. Àsìkò àjọ̀dún nìyẹn, iṣẹ́ ti bo Bestre mọ́lẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ère kan ṣoṣo ló parí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti Ẹni Mímọ́ Visente, oníwàásù tó máa ń na ìka sókè, tó sì di ìwé mú.

Bestre ní, "Ọwọ́ ọkùnrin ni o, Màmá. Ẹ wo bó ṣe tóbi."

"Fi ọ̀dà funfun kùn ún."

"Ìka rẹ̀ nà gbọọrọ."

"Ẹni tó bá na ìka sókè, ọ̀run ló ń tọ́ka sí. Ìyá Wa ò mọ̀nà ọ̀run ni?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ o," ni Bestre wí. Ó mọ̀ pé òun ń ta ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ṣé òun ló máa rà á ni?

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọ́n fi léèsì bo ọrùn ọwọ́ náà, wọ́n há ìlẹ̀kẹ̀ Rosárì sí ọwọ́ tó yẹ kó di ìwé mú, wọ́n gbé Ìyá Wa gun ọmọlanke olódòdó. Tí èèyàn bá dúró lókèèrè, tó sì di ojú kan, ó wuyì. Mọnsínyọ̀ pẹ̀lú Fadá ṣáájú, Sepa ń tẹ̀ lé ọmọlanke lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀, pẹ̀lú ìborùn dúdú. Ó ń wo ìka tó nà sókè yẹn, inú rẹ̀ dùn. Tinay á rí i pé a lè ṣe é láìsí òun.

Ó kù díẹ̀ kó rò ó tán nígbà tí ọmọlanke bọ́ sí kòtò. Èèkàn yẹn, ọwọ́ eyín erin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ọwọ́ oníwàásù wúwo. Ìka náà kúrò lọ́run, ó sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀rẹ̀, ó nà tààrà sí Tasyo, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Òkè, tó dúró ní ojú fèrèsé rẹ̀.

Gbogbo ojú bá ìka náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó Tasyo yíjú sí i. "Kí lo ṣe?"

"Èmi? N ò ṣe nǹkan kan!"

"Ṣé Ìyá Wa ń parọ́ ni?"

Tasyo sọ̀ kalẹ̀, ó sá lọ sí òdìkejì ọ̀nà, ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn tó ń ta ìrẹsì oníwàrà àgbọn. Ọmọlanke kọ lu òkúta, ìka fì, ó bá a níbẹ̀. Tasyo wólẹ̀ gbì. "Ẹ gbà mí o! Èmi ni mo ti iná bọ irùngbọ̀n olórí akọrin!"

Ẹ̀rín pa àwọn ará Ìsàlẹ̀. Wọ́n di ìdí mú, wọ́n ń na ọwọ́ sí ara wọn. Ìka fì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yà sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu wọn. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn ara wọn, àgbà ń sá sẹ́yìn ọmọ, ọkọ ń sá sẹ́yìn ìyàwó. Obìnrin kan jẹ́wọ́ adìyẹ tí kò tíì sọnù.

Mọnsínyọ̀ wẹ̀yìn. "Anakleto, kí ló dé tí wọ́n ń wólẹ̀ kiri báyìí?"

"Ìtẹríba ni, Mọnsínyọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe dé orí afárá. Táyà ọmọlanke há sáàárín pákó méjì. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, ó fò, ó balẹ̀ gbìrà. Apá Ìyá Wa yí bírí, ó yà sẹ́yìn pátápátá, ìka náà sì nà sí Sepa.

Sepa yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì yẹra fún un bí ẹni tó gbé àrùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Sepa mọ̀ pé èèkàn ló yẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló há a. Síbẹ̀ kò lè wo ojú ère yẹn.

Tinay jáde láàárín èrò, ó gbé agolo bisikíìtì dání. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ṣé báyìí ló máa nàka sí yín títí wọ́n á fi lé wa padà sí San Roke?"

Tinay kọjú sí àwọn obìnrin, ó pariwo, "Kí lẹ ń wò? Ẹ ta ìborùn! Àbí ẹ fẹ́ kí àwọn ọkùnrin rí abẹ́ aṣọ Ìyá Wa?"

Háà! Ìyẹn la ò tíì gbọ́ rí. Obìnrin Òkè, obìnrin Ìsàlẹ̀, àwọn tí ò tíì kí ara wọn láti èṣí, wọ́n bọ́ ìborùn, wọ́n so etí rẹ̀ pọ̀, wọ́n fi ṣe ògiri yí ọmọlanke ká, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àgò adìyẹ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn.

Tinay ṣí agolo. Nínú aṣọ ìnujú ìyá wọn ló di ọwọ́ náà sí. "Ẹ sọ ọ́ kí n tó fún yín."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí Màmá ń kú lọ, inú òjò ni mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà yín láti àárọ̀. Ẹ fi ìdábùú ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní ìyàwó aládàámọ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Màmá. Èmi tí mo máa ń di irun fún un! Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ṣe é, ìyẹn tó mi."

Odó tí Sepa gbé mì ò jẹ́ kó lè tẹ̀. Níta, akọrin ti kọ orin kan náà tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè.

Sepa ní, "Mo tì í."

"Ó dáa."

"Kò tíì tán," ni Sepa wí. "Ó pè ọ́, Tinay. Títí tó fi dákẹ́, ìwọ ló ń pè. Mo sọ fún un pé mo ránṣẹ́ sí ọ, o ní o ò wá."

Tinay ò mọ ìyẹn. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kò sunkún, kò bú u. Ó kàn na agolo sí i. "Ẹ fi sí i fúnra yín."

Sepa yọ ọwọ́ oníwàásù dànù, ó ti ọwọ́ eyín erin bọ ibi tó yẹ. Ó bọ́ bàtà onígi rẹ̀, ó fi ń gbá èèkàn náà wọlé. Ó gbá a ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń gbá a, omijé ń bọ́, kò sì fi í sílẹ̀. Gbà! Gbà! Gbà!

Mọnsínyọ̀ ní, "Kí ni ariwo yẹn?"

Fadá Anakleto fèsì kíá. "Àṣà wa ni, Mọnsínyọ̀. Tí a bá dé orí afárá, a máa ń kan ilẹ̀kùn ọ̀run."

Mọnsínyọ̀ kọ àmì àgbélébùú. Nígbà tí ìborùn sọ̀ kalẹ̀, tí Ìyá Wa pa ọwọ́ pọ̀ láyà wọ̀ọ̀, tí obìnrin Òkè àti ti Ìsàlẹ̀ ń gba ìborùn ara wọn kiri, ó ní òun ò tíì rí ìjọ tó níwà ìrẹ̀lẹ̀ tó báyìí. Ó ní ìjọ ti dá dúró. Kó tó gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin tán, wọ́n ti ń bú ara wọn lórí ẹ̀gbẹ́ odò tí wọ́n máa kọ́ ilé Fadá sí. Ilé tó bá ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni ò tíì dàgbà.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé Ìyá Wa padà sílé Sepa láti bọ́ aṣọ rẹ̀. Tinay tẹ̀ lé e pẹ̀lú agolo rẹ̀. Láti ọjọ́ òjò yẹn, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé náà. Ó fa ọwọ́ ọ̀tún, kò jáde. Ó fa tòsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbá èèkàn yìí jù. Àfi ká fọ́ eyín erin náà."

"Mo mọ̀." Sepa kọjú sí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná.

"Báwo ni mo ṣe máa gbé ọwọ́ mi lọ sílé?"

"Ta ló ní kó o gbé e lọ?" Sepa ń ro ọbẹ̀ tí kò nílò rírò. "Ṣé o ti jẹun?"

Tinay gbé agolo òfìfo náà, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ yàrá ìyá wọn. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì fi ìdábùú tì í mọ́ Sepa síta.

Sepa bu ìrẹsì sínú àwo, ó bu ọbẹ̀ ẹja kíkan lé e, ó gbé e lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó gbọ́ ẹkún nínú lọ́hùn-ún. Kò kan ilẹ̀kùn, kò pe orúkọ. Orúnkún ń dùn ún, ó sì dúró. Oúnjẹ tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n yọ ìdábùú.

"Ó dájú pé ẹ ti bu iyọ̀ sí i jù," ni Tinay wí láti inú yàrá. "Ẹ gbé e wọlé."