Àga Olórí Abúlé Rediu

Ìbò mẹ́rin gbà, mẹ́rin kọ̀. Ó wá ku ti Bàbá Tihon, àgbà jù lọ nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án tó ń ṣàkóso abúlé Rediu. Eufrosina, olórí abúlé, ti mọ̀ pé bí yóò ti rí nìyẹn. Ó dúró níwájú wọn láti òwúrọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ò lọ́jú pọ̀. Orílẹ̀-èdè Moldova ń kan ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ Yúróòpù kó lè wọlé, ìjọba sì ní kí àwọn abúlé wẹ́wẹ́ para pọ̀, kí agbára lè kúrò ní Chișinău, olú ìlú, wá sọ́dọ̀ wọn. Bí Rediu bá dara pọ̀ mọ́ Hîrtoape, abúlé tó múlé tì í, omi ẹ̀rọ ibẹ̀ yóò wọ Rediu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi kànga ni wọn yóò máa pọn lọ, omi tí dókítà ti ní wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ ọwọ́ mu mọ́.

Bàbá Tihon wúkọ́. "Eufrosina ọmọ Ghenadie, mo ti rí ọ. Àga kékeré ò gbà ọ́ mọ́. Torí kí o lè jókòó lé Hîrtoape lórí lo ṣe fẹ́ tà wá. Ta ni yóò wá máa ṣe ọdún Dumitru Mímọ́, ọdún abúlé wa?"

"Bàbá, lọ́dún Dumitru tó kọjá, àwọn wo ló jẹ oúnjẹ sarmale yín tán?"

"Àwọn ọ̀kánjúwà Hîrtoape ni. Wọ́n tún mu wáìnì mi gbẹ."

"Lọ́dún tiwọn ńkọ́?"

"Mo lọ gbẹ̀san."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Eufrosina náà rẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ ọdún wa, Bàbá, ibo ni onílé ń jókòó sí?"

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Onílé kì í jókòó lọ́jọ́ náà. Ìdúró ló máa ń wà, tòun ti ìgò wáìnì lọ́wọ́, títí àlejò tó kẹ́yìn yóò fi yó.

"Èrò Hîrtoape fi ìlọ́po mẹ́ta jù wá lọ," ni Eufrosina wí. "Ọmọ wọn ni yóò wọlé ìbò olórí. Bí ẹ bá nawọ́ pé ẹ gbà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo mọ̀ kí n tó pè yín."

Ó dùn ún, kò puró. Ọdún mọ́kànlá lórí àga olórí kì í ṣe ọjọ́ kan.

Bàbá Tihon wo ife omi kànga tó wà níwájú rẹ̀, tí kò fẹnu kàn. Ó nawọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì fa àga tirẹ̀ síwájú.

"Jókòó, ọmọ mi. O ti dúró tó."