Kò-Gbọdọ̀-Dín àti Ọmọ Tó Ń Fúyẹ́

Oníbúrẹ́dì ni, ṣùgbọ́n Kò-gbọdọ̀-dín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kò sí búrẹ́dì kan tí yóò jáde nílé iṣẹ́ rẹ̀ tí kò ní gorí ìwọ̀n. Bó bá fi gíráàmù márùn-ún péré dín sí ìdajì kílò, á gbé e sẹ́yìn, á ní, “Kò gbọdọ̀ dín! Ẹni tó ra ìdajì kílò, ìdajì kílò ló gbọ́dọ̀ jẹ.” Kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe oníjà. Ìwọ̀n nìkan ni kì í fi ṣeré.

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn lọ́jọ́ Ajé, ohun tó kọ́kọ́ bi agbẹ̀bí kọ́ ni akọ ni àbí abo. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kílò mélòó ni?” Agbẹ̀bí náà rẹ́rìn-ín, ó ní kílò mẹ́ta àti igba gíráàmù, obìnrin sì ni, bó bá fẹ́ mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé ọmọ wálé. Tọkọtaya náà kò mọ nǹkan kan nípa ọmọ tuntun. Ìyá ìyàwó, tí ì bá máa là wọ́n lóye, ṣì wà nílé tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ti múra láti wá, ọmọ wá fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọmọ tí kò ní sùúrù, bàbá rẹ̀ ló jọ.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wà nísàlẹ̀, yàrá wọn wà lókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ìyá ọmọ ṣe wọ ilé ìwẹ̀ báyìí, bàbá gbé ọmọ, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Kò ní èrò búburú kankan lọ́kàn, ó kàn fẹ́ rí bí ọmọ òun ṣe ń tóbi sí i ni. Ó nu ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun pípò, ó tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀, ó yọ ìwọ̀n aṣọ kúrò, ó wá tẹ́ ọmọ lé e. Kílò mẹ́ta àti ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ó rò pé òun ṣì í kà ni. Ó tún un wọ̀n, bákan náà ni.

Lọ́jọ́rú, ó di kílò mẹ́ta géérégé. Lọ́jọ́bọ̀, kílò mẹ́ta ó dín àádọ́ta gíráàmù.

Ó kó àwọn irin tó fi ń yẹ ìwọ̀n wò jáde, ó gbé wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n pé pérépéré. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣe búrẹ́dì, ọjọ́ yẹn nìkan ló bẹ Ọlọ́run pé kí ìwọ̀n òun máa purọ́. Igba ó lé àádọ́ta gíráàmù ló ti kúrò lára ọmọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Ó tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ síwájú, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń fi nọ́ńbà ṣe, ó sì rí i pé kó tó di ogójì ọjọ́, kò ní ku nǹkan kan.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kò ti jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Ohun tó kàn ń sọ ni pé, “Ìyá ọmọ, fún un lọ́mú.”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni.”

“Tún fún un.”

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn náà, bó ṣe tún gbé ọmọ lé ìwọ̀n, ni àṣírí tú. Ìyá ọmọ tètè wẹ̀ tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá ọmọ rẹ̀ níhòòhò lórí ìwọ̀n ìyẹ̀fun. Lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye mẹ́ta sílẹ̀, tí ọ̀kan ń kéré ju èkejì lọ. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

“Ọmọ mi ń gbẹ, ẹ sì ti mọ̀ láti ìjẹta?”

“Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́ ni.”

“Ìyẹn lẹ ṣe ń ní kí n máa fún un lọ́mú. Ẹ ti mọ̀ pé omi lásán ló wà níbẹ̀.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o!”

“Ìwọ̀n yín ló sọ ọ́.”

Ó gbé ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń fẹnu wá ọmú kiri, ṣùgbọ́n ìyá kò ṣí aṣọ. Ọ̀ràn yìí dun Kò-gbọdọ̀-dín ju iye ara ògiri lọ. Ó sáré pe takisí, wọ́n forí lé ilé ìgbẹ̀bí.

Agbẹ̀bí àgbà tó gba ọmọ náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó bọ́ aṣọ ọmọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó sì béèrè iye ìtẹ́dìí tó ti tọ̀ sí.

“Mẹ́rin láti àárọ̀, mà,” ìyá ọmọ ní. “Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ ló ń dín.”

“Ó dáa. Ta ló ní kí ẹ máa wọn ọmọ lójoojúmọ́?”

Ìyá ọmọ fẹnu júwe ọkọ rẹ̀. “Oníbúrẹ́dì ni wọ́n, mà.”

“Háà! Ẹ̀yin ni Kò-gbọdọ̀-dín? Búrẹ́dì yín là ń jẹ níbí. Ẹ gbọ́, ìyẹ̀fun pípò tí ẹ bá gbé wọ ààrò, ṣé bó ṣe wúwo tó nígbà tó wọlé náà ló ṣe máa ń wúwo nígbà tó bá jáde?”

“Rárá o, mà. Iná á fa omi ara rẹ̀. Ó máa ń fi bí ọgọ́ta gíráàmù dín.”

“Ṣé ẹ máa ń sunkún sí i?”

Kò-gbọdọ̀-dín mi orí pé rárá.

“Bí ọmọ tuntun náà ṣe rí nìyẹn. Omi tó gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ló ń dà nù. Tí kò bá ti ju ìdámẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ lọ, tó ń mu, tó sì ń tọ̀, kò séwu. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, á gba gbogbo rẹ̀ padà, á sì gba ènì. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín nígbà yẹn, ẹ ò gbọ́.” Ó kọjú sí ìyá ọmọ. “Ìwọ, ọmọ mi, wàrà rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Kò sí ohun tó ṣe ọmú rẹ.”

Kò-gbọdọ̀-dín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ara tù ú débi pé ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lójú ẹsẹ̀. Àṣé láti àná ni kò ti jẹun.

Níta, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìbòòji.

“Má bínú,” ọkọ ní. “Mi ò mọ nǹkan kan.”

“Èmi náà ò mọ̀. Ọ̀dẹ̀ méjì lọmọ yìí bọ́ sí lọ́wọ́.”

Ó ṣí aṣọ, ọmọ sì gbá ọmú mú. Ó ń gbé e mì, gbì, gbì, gbì. Ìyàwó wo ojú ọkọ rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀ ń kà á ni?”

“Rárá o.”

“Irọ́. Ètè yín ń mì. Ó ti dé mélòó?”

“Mẹ́tàlélógún.”

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mi ọmọ títí ọmú fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ké, ó tún gbá a mú.

“Ó yá,” ìyàwó ní, “ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.”

Ṣùgbọ́n kò kà á mọ́. Ó gbé orí lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ọmọ sì ń mu lọ láìsí ẹni tó ń kà á.